Bàbá Ìbejì, kì í ṣe písà ló ṣe Kẹ́hìndé

Bàbá Ìbejì kọ ojú ewé mẹ́ta sí mi láti Chicago. Ọdún 14 ló ti lò níbẹ̀, ó ní òtútù ìlú náà ti sú òun, atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti orí adágún Michigan ti wọ òun léegun. Àbúrò rẹ̀ ń gbé ní Aurora, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ó sì ti bá a rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan. Wọ́n ní kó wọṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní. Ìyàwó kò fẹ́ lọ. Ìbéèrè méjì ló bi mí: ṣé Aurora ni kí àwọn kó lọ àbí Colorado Springs, àti báwo ni òun ṣe lè yí ìyàwó lọ́kàn padà kí Kérésì tó dé.

Ní ojú ewé kejì, láàrin owó ilé àti bí oòrùn Denver ṣe ń ràn, ó kọ èyí:

«A lọ kí wọn ní oṣù kẹjọ. Àbúrò mi fi ọkọ̀ gbé wa gun orí òkè lójú ọ̀nà Trail Ridge, títí a fi rí yìnyín nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Inú wa dùn púpọ̀. Kẹ́hìndé nìkan ni inú run lálẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó bì lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ̀ kò sì sùn. Mo fura sí písà tí gbogbo wa jẹ lójú ọ̀nà. SC ni ọmọ náà, kì í ṣe SS, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu àfi nígbà òtútù. Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ ti yá. Ilé oníyàrá mẹ́ta ní Aurora…»

Ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ilé lọ. SC àti SS tó dárúkọ yẹn, oríṣi jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n, àwọn méjèèjì ló sì ń fa àìsàn tí òyìnbó ń pè ní sickle cell.

Bàbá Ìbejì, ẹ kò béèrè ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n òun ni mo máa dáhùn.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ ọ́ pé gbogbo yín lẹ jẹ písà. Táyé jẹ ẹ́. Ìyá wọn jẹ ẹ́. Àbúrò yín àti àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́. Báwo ni písà ṣe wá mọ ọmọ tó jẹ́ SC láàrin gbogbo yín, tó sì lọ dì mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ òsì? Ẹ rí i pé ìrora náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ rántí ẹ̀gbẹ́ náà dáadáa débi pé ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, síbẹ̀ ẹ kò bi ara yín léèrè pé kí ló wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì.

«SC ni, kì í ṣe SS.» Gbólóhùn yìí ni mo ń rí lemọ́lemọ́ nínú lẹ́tà àwọn òbí, láti Òṣogbo, láti Peckham, láti Houston. Inú máa ń bí mi sí i, mi ò ní parọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ SC kì í ní krísíìsì, ìyẹn ìrora òjijì tí àìsàn náà ń mú wá, tó ti àwọn SS. Ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, wọ́n ń sáré, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, aládùúgbò lè má mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí SC ti máa ń léwu ju SS lọ. Ojú wà níbẹ̀. Ẹ̀yà ara kan tún wà lábẹ́ ìhà òsì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní spleen.

Lára ọmọ SS, àìsàn náà sábà máa ń ba spleen jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìkókó, tó fi jẹ́ pé kí ọmọ tó pé ọdún 5 tàbí 6 kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Lára ọmọ SC, ó lè wà níbẹ̀ títí ọmọ fi pé ọdún 10, títí ó fi pé 20 pàápàá. Nítorí pé ó ṣì wà níbẹ̀, nǹkan ṣì lè ṣe é. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé ibi tí ọ́síjìn ti dín, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bíi dòjé, wọ́n á há sínú spleen, apá kan rẹ̀ lè kú. Ó sì lè wú lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ ara wọ́ jọ sínú rẹ̀ títí ojú ọmọ á fi funfun bí ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ lára, tí kò ní lè dìde dúró. Abẹ́ ìhà òsì ni ìrora náà sábà máa ń wà. Èébì a máa bá a rìn.

Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì rí Kẹ́hìndé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò lè sọ pé ohun tó ṣe é nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀yin náà kò lè sọ pé kì í ṣe òun, nítorí ẹ kò mú un lọ síbì kankan kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ní ara rẹ̀ yá ní ọjọ́ kẹta. Kí ni àwọn bàbá wa pe àìsàn yìí? Fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n rí ọmọ tó wà lẹ́nu ikú lónìí, tó ń ṣeré lójúde lọ́la, wọ́n sì mọ̀ pé dídìde yẹn wà lára àìsàn náà. Wọ́n mọ èyí kí dókítà James Herrick tó kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1910, ní Chicago kan náà tí ẹ ń gbé yìí, nípa ọmọ Grenada kan, Walter Clement Noel, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín níbẹ̀. Ìròyìn yẹn ni àkọ́kọ́ nínú ìwé ìṣègùn òyìnbó tó sọ nípa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé. Noel náà ń ṣàìsàn, ó ń dìde, ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sílé lọ ṣiṣẹ́ eyín. Ní ọdún 1916, ó kú.

Mo ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí. SC ni àbúrò mi obìnrin. Nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó jẹ́ SS ni gbogbo agboolé ń ṣọ́, òun ni wọ́n ń bu omi fún, òun ni wọn kì í jẹ́ kó wọnú òjò. Àbúrò mi, wọ́n ní tiẹ̀ ò le. Ó ń sọ pé òun ń rí nǹkan dúdú kéékèèké tó ń fò níwájú òun, a ní kó lọ sùn, a ní ìwé kíkà ti pọ̀ jù. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tí ojú òsì rẹ̀ kò ríran mọ́. Dókítà ojú bi ìyá wa pé ìgbà wo ni wọ́n ti yẹ ojú náà wò kẹ́yìn. Ìyá wa wo èmi, èmi náà wo ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibi tí ẹ gbé ọmọ lọ ṣe ga tó. Chicago kò ju nǹkan bíi mítà 180 lọ sókè ìtẹ́jú òkun. Denver wà ní ẹsẹ̀ bàtà 5,280, ìyẹn mítà 1,609, máìlì kan géérégé, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi máìlì kan pe oríkì ìlú náà. Jos tí a mọ̀ sí ilẹ̀ òkè ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bíi mítà 1,200 lọ. Ní Denver, ọ́síjìn tí èèyàn ń rí nínú èémí kan fi bí ìdá kan nínú mẹ́fà dín sí ti etí òkun. Ọ̀nà Trail Ridge tí àbúrò yín gbé yín gùn, téńté rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12,183, ó lé ní mítà 3,700. Ọ́síjìn ibẹ̀ fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta dín. Láàrin ọjọ́ mélòó kan ni ẹ gbé ọmọ náà kúrò ní ẹ̀bá adágún lọ sí ibẹ̀ yẹn, nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń fa omi kúrò lára láìjẹ́ kí òùngbẹ gbẹ èèyàn. Ṣé ẹ tilẹ̀ rántí fún un ní omi mu?

Kí ẹ má sì rò pé ti Kẹ́hìndé nìkan ni. Bí ọmọ bá jẹ́ SC, tí ìyá sì jẹ́ AC bí ẹ ṣe kọ ọ́, ọ̀dọ̀ yín ni S ti wá. Bí ẹ kò bá ní àìsàn náà, AS lẹ̀yin fúnra yín, ìyẹn A kan tó dára àti S kan. AS ni Ryan Clark tó gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà fún ẹgbẹ́ Pittsburgh Steelers nígbà kan rí. Ọkùnrin alágbára ni, géńdé. Ní ọdún 2007, wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Denver, ó gba ibẹ̀ ṣàìsàn. Wọ́n yọ spleen rẹ̀, wọ́n yọ àpò òróòro rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún máa lọ sí Denver ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, olùkọ́ wọn, Mike Tomlin, kò jẹ́ kó gbá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíje àṣekágbá sáà náà ti ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ AS ló ń gbé Denver tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, mi ò fẹ́ fi ẹ̀rù bà yín lásán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè ní kí akọni bẹ́ẹ̀ jókòó sílé nítorí S kan ṣoṣo, ẹ ronú sí ọmọ ọdún 10 tí kò ní A kankan lára.

Mo wá dé orí ìyàwó yín. Ẹ ní: «Ó ń sọ pé ẹ̀rù ọmọ ló ń ba òun, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìjọ rẹ̀ ni kò fẹ́ fi sílẹ̀.» Ta ló jókòó ti Kẹ́hìndé lóru yẹn? Lẹ́tà yín ló sọ pé ìyá rẹ̀ kò sùn, kò sọ ibi tí ẹ̀yin wà. Obìnrin tó gbá ọmọ mọ́ra mọ́jú, tó sọ fún yín pé ẹ̀rù ọmọ ń ba òun, ẹ wá ń bẹ mi pé kí n kọ́ yín ní bí ẹ ṣe máa borí rẹ̀ kí Kérésì tó dé. Mi ò ní kọ́ yín. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní Chicago gan-an ń pa ọmọ náà lára, pé oṣù kejìlá kì í kọjá kí ẹsẹ̀ má dùn ún. Ẹ kò parọ́. Òtútù ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó sì ń fa krísíìsì. Ìdí tó dára nìyẹn láti fẹ́ kúrò níbẹ̀, ó dára ju gbogbo èyí tí ẹ kọ sínú lẹ́tà lọ, ẹ kò sì kọ ọ́ síbẹ̀. Àmọ́ oòrùn Denver kì í ṣe oòrùn Ìbàdàn. Yìnyín ń bọ́ níbẹ̀ láti oṣù kẹwàá, ó lè bọ́ di oṣù kárùn-ún, òru ibẹ̀ sì tutù.

Mi ò ní kí ẹ má lọ. Àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí ń gbé Denver, wọ́n ń dàgbà níbẹ̀. Ní Aurora gan-an, ní ọgbà Anschutz ti Yunifásítì Colorado, ibùdó kan wà tó jẹ́ pé fòníkú-fọ̀ladìde ni iṣẹ́ rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gíga yí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé ilé, kí tọkọtaya yín jọ lọ bá dókítà ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé ní Chicago, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn fún un láìfi ohun kan pamọ́, kí ẹ dárúkọ òkè náà, kí ẹ sì ní kí wọ́n ya àwòrán ikùn rẹ̀ kí wọ́n lè rí bí spleen rẹ̀ ṣe wà. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí dókítà bá ní kò séwu, kó kọ lẹ́tà sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aurora, kí ọmọ ní ọjọ́ tí wọ́n máa rí i kí ẹrù tó wọ ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Illinois ló ń san owó ìtọ́jú rẹ̀, kò ní bá yín dé Colorado, ẹ béèrè ọjọ́ tí inṣọ́ránsì iṣẹ́ tuntun máa bẹ̀rẹ̀. Bí oṣù kan tàbí méjì bá máa wà láàrin, ẹ̀yin ẹ máa lọ, kí ọmọ dúró ti ìyá rẹ̀.

Colorado Springs fi bíi mítà 230 ga ju Denver lọ. Ẹ ti rí ìdáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́.

Kí àbúrò yín sì mọ̀ pé kò ní gbé Kẹ́hìndé gun òkè yẹn mọ́, àfi bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Bí inú òsì bá tún run ún níbikíbi, tí ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ lára, tí òòyì ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbé e lọ lóru náà, kí ẹ sì sọ SC fún wọn kí ẹ tó sọ orúkọ rẹ̀.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó pe Aurora lórí fóònù, ẹ pe Kẹ́hìndé jókòó. Ẹ má dárúkọ písà fún un. Ẹ kàn ní kó fi ìka han yín ibi tó dùn ún lọ́jọ́ náà, kí ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ nígbà tó bá ń fi hàn yín.