Èsì: Baroda tàbí Santiniketan fún dígírì kejì nínú àwòrán?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bèèrè ibi tó yẹ kí ẹ ti ka MFA (dígírì kejì nínú iṣẹ́ ọnà) nínú yíya àwòrán ní Íńdíà, ní yunifásítì tó wà ní ìlú Baroda tàbí èyí tó wà ní Santiniketan. Ní tèmi, Santiniketan ni. Ibẹ̀ ni Kala Bhavana, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, wà, tí akéwì Rabindranath Tagore dá sílẹ̀ ní 1919. Nandalal Bose, ayàwòrán tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde lọ wo igi, ẹranko àti ará abúlé, kí wọ́n yà wọ́n. Àwòrán tó kùn sára ògiri Cheena Bhavana, ilé ẹ̀kọ́ nípa èdè àti àṣà Ṣáínà ní Santiniketan, ṣì wà níbẹ̀. Bí ìtàn iṣẹ́ ọnà bá wù yín pẹ̀lú, Baroda dára púpọ̀. Ẹ tètè wo ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ICCR (àjọ ìjọba Íńdíà fún àjọṣe àṣà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn), ó wà fún àwa ọmọ Áfíríkà náà. Àkójọ àwòrán yín ni kí ẹ kọ́kọ́ múra sílẹ̀.