Ẹ má jẹ́ kí ebi bá yín dá ẹjọ́ PIP yìí

Arábìnrin wa, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn sickle cell, ni ẹ ń bá yí láti kékeré, pé point 4 péré ni wọ́n fún yín lórí PIP, owó tí ìjọba UK ń fún ẹni tí àìlera ń bá jà, pé ẹ ní kí wọ́n tún un wò, ìyẹn mandatory reconsideration, wọ́n tún ní rárá. Ìwé yín ti wà ní tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, báyìí. Owó oṣù ọkọ yín nìkan ló ń wọlé, ọmọ méjì wà nílẹ̀, àpòòwé council wà lórí fíríìjì tí ẹ̀rù ń bà yín láti ṣí. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kúkú pa ẹjọ́ náà tì, kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́.

Ẹ má pa á tì. Èmi pa tèmi tì lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń jìyà rẹ̀ títí dòní.

2019 ni. Ẹrù gbígbé ní wèéháòsì ti ba ọ̀pá ẹ̀yìn mi jẹ́, ẹsẹ̀ òsì mi a kàn kú tipiri. Point 2 ni wọ́n fún mi. Ẹni tó yẹ̀ mí wò kọ ọ́ sínú ìwé pé mo rìn wọlé, kò kọ ọ́ pé ìyàwó mi ló dì mí mú lápá. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n owó ilé ló lé mi sá. Mo ti jẹ owó ilé oṣù méjì, mo sì ti yá owó lórí fóònù lọ́wọ́ àwọn tí èlé wọn ń bímọ lóru. Ni mo bá padà sí wèéháòsì. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn irin, láti ìgbà náà ni mo ti ń lo ọ̀pá. Ẹjọ́ tó ṣeé jà, ebi ló bá mi dá a.

Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún kọ̀ ọ́ ní March 2022. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ tọ́jú ikùn kí n tó tọ́jú ẹjọ́. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi dúró.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gbàgbé pé PIP wà láyé. Ó ṣòro o. Nínú iye ti 2025 sí 2026, apá daily living, ìyẹn ti ìgbé ayé ojoojúmọ́, jẹ́ £73.90 lọ́sẹ̀ ní standard, ìpele kékeré, àti £110.40 ní enhanced, ìpele gíga. Tí ẹ bá ń fi àwọn ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá ṣírò rẹ̀ lórí ibùsùn, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti di olówó. Ní 2019, gbogbo ẹni tí mo jẹ ní gbèsè ni mo sọ fún pé "tí PIP bá ti dé." Owó tí kò tíì dé ti ní olówó márùn-ún. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣètò bí ẹni pé kò ní dé láéláé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá owó tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú PIP. Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí PIP bá ti kọ̀, gbogbo rẹ̀ ti kọ̀ nìyẹn. Rárá o. Universal Credit, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré, ń wo ohun tó ń wọlé fún ẹ̀yin méjèèjì. Pé ọkọ yín ń ṣiṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé ẹ ò lè rí nǹkan kan gbà, pàápàá pẹ̀lú ọmọ méjì àti owó ilé: nínú £1 tó bá gbà kọjá ibi tí wọ́n fàlà sí, 55p ni wọ́n ń yọ. Ẹ gba fit note, ìwé ẹ̀rí àìsàn, lọ́wọ́ GP, dókítà àdúgbò yín, kí ẹ sọ fún wọn pé ara yín kò dá. Àyẹ̀wò tiwọn lórí iṣẹ́ ṣíṣe yàtọ̀ sí ti PIP, point tiwọn sì yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n ń fi dúró kí owó àkọ́kọ́ tó dé. Ẹ lè béèrè advance, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé gbèsè ni, wọ́n á máa yọ ọ́ padà lóṣooṣù.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún èmi ni New Style ESA, owó fún ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. National Insurance tí ẹ san nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wò, wọn ò wo owó oṣù ọkọ yín rárá. £92.05 lọ́sẹ̀ ni ní 2025 sí 2026 fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 25, nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe àyẹ̀wò. Tí ẹ bá ṣì wà lórí SSP, owó àìsàn tí ilé iṣẹ́ ń san, ẹ jẹ ẹ́ tán ná, ọ̀sẹ̀ 28 ni.

Kí n yà bàrá díẹ̀: ẹni tí visa rẹ̀ bá sọ pé no public funds, pé kò gbọdọ̀ gba owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba, kó má fọwọ́ kan PIP tàbí Universal Credit, méjèèjì wà nínú public funds, ó sì lè ba ìwé jẹ́. New Style ESA kò sí níbẹ̀. Food bank, ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́, náà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó sì wà ní Scotland, Adult Disability Payment ni wọ́n ń san níbẹ̀ dípò PIP, tí wọ́n bá sì gé owó tí ẹnì kan ti ń gbà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní short-term assistance tí wọ́n ń fún un nígbà tó bá ń jà á. Àwa tí a wà ní England, a ò ní irú rẹ̀.

Iná ni mo máa fi ṣáájú nínú ilé yín, torí òtútù ni ọ̀tá ẹ̀jẹ̀ SS. January 2023, iná kú mọ́ wa lórí ní alẹ́ Friday, a ò rówó fi sí míta títí di Monday. Mo fi £10 sí i, mo ń wo ojú míta, £6 àti díẹ̀ ló hàn. Standing charge, owó ojoojúmọ́ tí wọ́n ń gbà bí a ò tiẹ̀ lo iná, ti ń ka ara rẹ̀ jọ nínú òkùnkùn. Ọmọ mi bi mí pé ta ló jí £4 yẹn. Ẹ pe ilé iṣẹ́ iná yín kó tó dà bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sínú Priority Services Register, ìwé orúkọ àwọn tó nílò àmójútó pàtàkì, ẹ sọ pé sickle cell ni, ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ní owó ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀.

Food bank. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ. Èmi náà jókòó sínú bọ́ọ̀sì títí ó fi kọjá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Citizens Advice, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ló fún mi ní voucher. GP tàbí ilé ìwé àwọn ọmọ náà lè fún yín. Mo wọlé, ta ni mo bá nídìí tábìlì? Màmá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí èmi àti ọkọ rẹ̀ jọ ń kọrin. Ọkàn mi já. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan nípa owó. Ó gbé báàgì wá, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Dádì Tólú, ṣé iná wà nílé?" Mo mi orí. Ó kó ìrẹsì kúrò, ó kó ẹ̀wà inú agolo tó ti jinná sí i, àti búrẹ́dì, ó wá fi fuel voucher, ìwé tí a fi ń sanwó iná, lé e lórí. Títí dòní, kò tíì sọ̀rọ̀ yẹn sí mi. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun tí mo fi oṣù mẹ́ta pa mọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni màmá yìí fi rí sí i.

Oògùn ńkọ́? Sickle cell kò sí nínú orúkọ àwọn àìsàn tí wọ́n ń fún ní oògùn ọ̀fẹ́ ní England. Tí owó tó ń wọlé kò bá jẹ́ kí ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ Universal Credit, ẹ ra prepayment certificate, ìwé tí ẹ ó fi sanwó gbogbo oògùn yín lẹ́ẹ̀kan, £114.50 fún ọdún kan, ẹ sì lè pín in san lóṣooṣù. £9.90 lórí oògùn kọ̀ọ̀kan máa ń jẹni run.

Nípa gbèsè, ariwo kọ́ ni kí ẹ fi mọ èyí tó le. Àwọn tó ń pariwo jù, ìyẹn credit card àtàwọn ayánilówó orí fóònù, ni agbára wọn kéré jù. Owó ilé, council tax (owó orí ilé tí council ń gbà), iná àti gáàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ san, torí àwọn ló lè mú kí wọ́n lé yín jáde, tàbí kí wọ́n gé iná yín. Mo kọ̀wé sí àwọn tó kù pé £1 lóṣù ni agbára mi ká. Méjì gbà, ọ̀kan bú mi, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Tó bá ti wọ yín lọ́rùn tán, ẹ bá adviser gbèsè, ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn lórí gbèsè, sọ̀rọ̀ nípa Breathing Space. Láti May 2021 ló ti wà ní England àti Wales: ọjọ́ 60 tí wọn ò gbọdọ̀ fi èlé kún un, tí wọn ò gbọdọ̀ rán ẹnikẹ́ni wá. Ẹ ó ṣì máa san owó ilé àti iná tó ń lọ lọ́wọ́ o. Bailiff, agbowó gbèsè, tó bá kọ́kọ́ wá nítorí council tax kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jálẹ̀kùn wọlé. Ẹ má ṣílẹ̀kùn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé.

Àjọ gbà mí ju báńkì lọ. Mo bẹ ìyá alájọ pé kó gbé mi síwájú, ó gbé mi láti ipò kẹsàn-án sí ìkẹta, kò sí èlé kankan. Kí ẹ kàn mọ̀ pé tí ẹ bá kó àjọ, owó yín ló jẹ́ nínú báńkì: lójú Universal Credit, ohun tó bá ti kọjá £6,000 á máa dín owó yín kù, tó bá kọjá £16,000, ó tán. PIP ní tirẹ̀ kò bìkítà iye tó wà lọ́wọ́ yín. Mo dá owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé náà dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "O wà ní London, o ní o ò lówó?" Mo ya àwòrán míta ránṣẹ́ sí i. Kò tún béèrè mọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí rèé. Ní November, fóònù dún. Wọ́n ní àwọn ti tún ìwé mi wò, àwọn lè fún mi ní standard daily living nìkan, £61.85 lọ́sẹ̀ nígbà náà, kò sí mobility, apá PIP tó wà fún ìrìn. Ká ní ọdún 2019 ni, màá ti kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, owó ilé ti pé, oúnjẹ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Mo pe adviser mi, ó ní ẹ̀rí mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ pé n ò gbà, ẹjọ́ sì ń lọ. Ní February, mo jókòó síwájú àwọn mẹ́ta: adájọ́, dókítà, àti ẹnì kan tó mọ̀ nípa àìlera. Dókítà yẹn béèrè bí mo ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ òsì. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi. Enhanced daily living ni wọ́n fún mi, pẹ̀lú standard mobility. Ẹ̀yin tí ẹ ò gba nǹkan kan báyìí, kò sí owó tí tribunal lè gbà padà lọ́wọ́ yín. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ rí wọn lójúkojú, ẹ má fi ìwé nìkan ṣe é. Owó ọkọ̀ yín, wọ́n á san án padà.

Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ara bá ni yín sínú ìwé kékeré kan, torí ohun tó bá ń ṣe yín ju ìdajì àwọn ọjọ́ lọ ni wọ́n ń wò. Bí ara yín ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe ìpinnu yẹn ni tribunal á sì gbé yẹ̀ wò, kì í ṣe bó ṣe rí lónìí.

Nígbà tí tèmi dé, ó lé ní £7,000. Owó ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ kì í ba Universal Credit yín jẹ́ fún oṣù 12, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn. Tí ẹnì kan nílé bá ń tọ́jú yín fún wákàtí 35 lọ́sẹ̀, kó béèrè Carer's Allowance, owó olùtọ́jú, láàárín oṣù mẹ́ta tí ẹ bá jàre, kó lè rí ti ẹ̀yìn gbà. Ìyàwó mi pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, a pàdánù rẹ̀.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ yìí, ẹ gbé àpòòwé yẹn sọ̀kalẹ̀ lórí fíríìjì kí ẹ ṣí i. Tó bá jẹ́ reminder ni, ọjọ́ 7 ló fún yín. Tó bá tún fi ọjọ́ 7 mìíràn kọjá, gbogbo owó tó kù lọ́dún náà ni wọ́n á béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la, ẹ béèrè Council Tax Reduction, ẹ̀dínwó lórí council tax, ẹ ní kí wọ́n pín ìyókù sí oṣù 12. Ẹ sọ fún mi ohun tí wọ́n bá wí.