Ṣé ó yẹ ká lo oògùn ká tó gun òkè Adó-Àwáyè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ lọ wo adágún Ìyákẹ́ lórí òkè Adó-Àwáyè lóṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ kan náà la máa lọ tí a máa bọ̀. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ kì í tó èèyàn mí lókè yẹn. Oní kẹ́míìsì àdúgbò wa ti ta oògùn kan tó ń jẹ́ Diamox fún wa, ó ní ká lò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ká wá mu energy drink lé e láàárọ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lo oògùn rẹ̀. Màmá mi tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 71 náà fẹ́ bá wa lọ. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ má lo Diamox yẹn o. Ẹ má sì mu energy drink kankan lé e. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi gan-an sí àwọn tó ń fi ìbẹ̀rù tajà fún yín.

Afẹ́fẹ́ wà lórí òkè Adó-Àwáyè, ó sì tó yín í mí. Òkè náà kò ga tó 500 mítà sí ojú òkun. Òótọ́ ni pé bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ní 500 mítà, ohun tó dín níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ara kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ mú ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ẹ fi há ìka nísàlẹ̀ òkè, ẹ tún fi há a létí Ìyákẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti sinmi: agbára káká ni nọ́ńbà náà fi máa yàtọ̀.

Àìsàn òkè gíga tí Diamox ń dènà, ìyẹn orí fífọ́ àti èébì tí afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ ń fà, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 2,500 mítà sókè. Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba ló ga jù ní Nàìjíríà, 2,419 mítà ni. Kò sí òkè kan nílẹ̀ wa, títí kan èyí tó ga jù, tó dé ibi tí mo ti máa kọ oògùn yẹn fún yín. Ẹni tó ń lọ gun Kilimanjaro ní Tanzania, tó ga tó 5,895 mítà, lè bá dókítà rẹ̀ jókòó sọ ọ́. Tiyín kọ́ nìyẹn.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé Diamox máa ń mú èèyàn tọ̀. Bẹ́ẹ̀, lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, àwọn kan wà tó ń mú èèyàn tọ̀. Ẹ wá lo méjèèjì pọ̀, ẹ ń làágùn nínú oòrùn: omi ara á fà, òòyì á kọ́ yín lórí àpáta. Kaféènì inú energy drink náà á tún mú kí ọkàn yín máa lù kìkì. Bitters tí àwọn kan ń mu fún agbára, ọtí ni. Ẹ fi sílé.

Kí ló wá ń já èémí mọ́ni lẹ́nu? Iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣe ni. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe sára òkè yẹn, 369 ni wọ́n kà á sí, bó bá sì tán, àpáta ṣì kù láti gùn. Ẹni tó bá wúwo tó kílò 85 ń gbé kílò 85 náà sókè ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ẹni tó ń jókòó sọ́ọ́fíìsì látàárọ̀ dalẹ́ á mí gúlegúle lórí ilé alájà mẹ́ta n'Íbàdàn náà. Ìrìn loògùn rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí ẹ sì máa gun àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ náà, bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kí ẹ tó mí, ẹ jókòó.

Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni ooru. Bó bá di ọ̀sán, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpáta yẹn, ẹ ò ní lè gbé e síbẹ̀ pẹ́. Ní aago méje àárọ̀, kí ẹ ti wà lórí àtẹ̀gùn. Kí àgbà kọ̀ọ̀kan gbé omi lítà méjì sí mẹ́ta dání. Bí ẹ bá rí iyọ̀ funfun tó gbẹ mọ́ ẹ̀wù, omi lásán kò tó mọ́, ẹ po ìwọ̀nyí pọ̀ kí ẹ mu ún: lítà omi kan, ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí náà. Bí ẹnì kan bá wá ń sọ kántankàntan, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òkè ló mú un. Ooru ni, ó sì lè pa á. Ẹ gbé e síbòòji, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ wá ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ má rọ omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ má fo oògùn. Mi ò tíì yẹ̀ yín wò, ohun tí mo kọ síbí kò sì lè dípò dókítà yín. Ẹ lọ rí wọn kí ọjọ́ tó pé. Bí ìfúnpá yín bá ṣì wà ní 180 lórí 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jókòó sílé. Bí àyà bá ń fún yín lórí òkè, ìrìn parí nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ SS nínú yín gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lẹ́nu dókítà rẹ̀, torí òùngbẹ àti làálàá lè dá ìrora egungun sílẹ̀ fún un. Kí ẹni tó ní ikọ́ fée mú inhaler rẹ̀ gòkè, kó má fi í sínú bọ́ọ̀sì.

Àwọn tó ń mú àlejò gòkè á sọ fún yín pé ẹ má wọ inú Ìyákẹ́. Ẹ gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ẹ má sì bu omi adágún mu láìsè é.

Màmá yín ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ mú wọn gun ilé alájà méjì. Bí wọ́n bá gùn ún láìdúró, tí orúnkún kò sì dùn wọ́n, tí dókítà wọn náà gbà, ẹ mú wọn dé ibi tí agbára wọn bá mọ. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń wu àgbàlagbà léwu ju ìgòkè lọ, nítorí náà kí wọ́n wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kí ẹni tó lágbára sì máa ṣíwájú wọn. Bí kò bá ní ṣeé ṣe, kí ẹnì kan jókòó tì wọ́n nísàlẹ̀ lábẹ́ ibòòji. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí oòrùn ń pa.