Ṣé àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù lè sọ ọjọ́ orí egungun dáínásọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbẹ́ kànga lórí ilẹ̀ tí wọ́n rà lẹ́bàá Papalantó, ni àwọn agbẹ́kànga bá gbé ohun kan jáde tó jọ egungun, àmọ́ tó wúwo bí òkúta. Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ní egungun dáínásọ̀ ni, pé àwọn òyìnbó á rà á lówó dọ́là. Ó ní ká kọ́kọ́ mú ₦250,000 wá fún àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù, kó lè gba ìwé ẹ̀rí pé ó ti pé 70 mílíọ̀nù ọdún. Ṣé ká san án? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ń béèrè bí èèyàn ṣe ń di onímọ̀ dáínásọ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá sì ti san án, ẹ lọ gbà á padà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ dáínásọ̀, àwọn ẹranko orí ilẹ̀ ayé àtijọ́ yẹn, kúrò nílẹ̀. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò àti agbègbè yín, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, ìsàlẹ̀ òkun ló ti dì. Nígbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í dì, àwọn dáínásọ̀ ti kú tán. Nǹkan bí 66 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni wọ́n parun, àfi ìran tó di ẹyẹ, tí adìyẹ ẹ̀yìnkùlé yín wà lára wọn. Ohun tí à ń rí nínú òkúta Ewékorò ni ìkarahun, ìgbín òkun, akàn, àti eyín ẹja ekurá, ẹja òkun tó ń fi eyín fa ẹran ya. Ọ̀kan nínú irú eyín bẹ́ẹ̀ wà lórí tábìlì mi báyìí, mo ṣà á níbẹ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kò ju èékánná ìka tó kéré jù lọ, ó ń dán bí àwo tánganran, etí rẹ̀ sì ṣì mú débi pé ó lè ya bébà. Ilẹ̀ tó bo òkúta yẹn mọ́lẹ̀ tún kéré sí i lọ́jọ́ orí. Òkúta yanrìn tó dàgbà jù ú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì yọjú sókè bí a bá ń lọ sápá Abẹ́òkúta. Bí ẹnikẹ́ni bá máa rí dáínásọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́jọ́ kan, ibẹ̀ ni èmi máa kọ́kọ́ wò, kì í ṣe inú kànga Papalantó.

Kí wá ni ẹ rí? Mi ò lè sọ láìfojú kàn án. Ẹ wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Bí ihò wẹ́wẹ́ bá kún inú rẹ̀ bíi ti búrẹ́dì, ó lè jẹ́ egungun lóòótọ́. Bí inú rẹ̀ bá dì pọ̀ láìní ihò, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òkúta lásán. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí a máa fi ahọ́n kàn án nígbà mìíràn, torí egungun tó ti di òkúta máa ń fa ahọ́n mọ́ra. Ẹ̀yin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò o, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹrẹ̀ kànga.

Ọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù yìí gan-an ló ń bí mi nínú. Lọ́dún yìí nìkan, ìdílé mẹ́rin ló ti kọ̀wé sí mi, orin kan náà ni wọ́n sì kọ fún gbogbo wọn. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ.

Kábọ́ọ̀nù wà nínú afẹ́fẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í yí padà, àmọ́ oríṣi kan wà, kábọ́ọ̀nù-14, tí ìtànṣán láti ojú ọ̀run ń dá sílẹ̀ lófuurufú lójoojúmọ́. Ewéko ń fà á sára, ewúrẹ́ ń jẹ ewéko, àwa ń jẹ ewúrẹ́, bó ṣe ń wọnú egungun wa nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀dá bá kú, oúnjẹ tán, tuntun ò wọlé mọ́, èyí tó wà nílẹ̀ á wá máa dín díẹ̀díẹ̀. Tó bá di 5,730 ọdún, ó ku ìdajì. Tó bá tún di 5,730 mìíràn, ó ku ìdajì ìdajì yẹn.

Ẹ fi í wé àpò gàrí tó wọn 50 kìlógírámù. Lónìí, ẹ bu ìdajì rẹ̀ kúrò. Lọ́la, ẹ bu ìdajì èyí tó kù. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹwàá, ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan ló kù nísàlẹ̀ àpò. Ọjọ́ kẹwàá yẹn ni 57,300 ọdún. Nǹkan bí 50,000 ọdún ni agbára àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù mọ, kódà pẹ̀lú ẹ̀rọ tó dára jù. Bí ẹ bá ń bù ú lọ bẹ́ẹ̀, kó tó di oṣù méjì, horo gàrí kan ṣoṣo ò ní sí nínú àpò náà mọ́. Kí ẹ sì tó dé 66 mílíọ̀nù ọdún, ẹ ó ti bu ìdajì ju ìgbà 11,000 lọ. Kí ni ọkùnrin yẹn fẹ́ wọ̀n? Ìwé tó bá ní òun fi kábọ́ọ̀nù rí 70 mílíọ̀nù ọdún ti jẹ́rìí sí ara rẹ̀ pé irọ́ lòun.

Mi ò sọ pé àyẹ̀wò náà ò dára. Willard Libby tó ṣe é gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1960, ó sì ti ṣe wá láǹfààní nílé níbí. Nígbà tí Thurstan Shaw àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wú agbárí èèyàn jáde ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 1965, èédú tó wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n fi kábọ́ọ̀nù yẹ̀ wò, ó sì fi hàn pé ó ti lé ní 11,000 ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Àwọn kan tún ń pín in kiri lórí WhatsApp pé wọ́n rí kábọ́ọ̀nù-14 nínú egungun dáínásọ̀, pé nítorí náà kò tíì ju ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan lọ. Kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, omi tó ń ṣàn gba ara egungun kọjá, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ló ní kábọ́ọ̀nù tuntun lára. Ẹ̀rọ á kà á. Ohun tó kà kì í ṣe ọjọ́ orí egungun.

Àwa kì í sábàá yẹ egungun fúnra rẹ̀ wò, òkúta tó yí i ká là ń wá ọjọ́ orí rẹ̀. Níbi tí òkè ayọnáyèéfín bá ti da eérú sílẹ̀, a máa ń rí horo wínníwínní kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní zircon. Yuréníọ̀mù inú rẹ̀ ń di òjé, ó sì ń gbà tó bílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó yí padà, ìyẹn ló fi lè ka ìgbà tó jìnnà. Ní Ewékorò, àwọn ìkarahun inú òkun tí ojú lásán ò lè rí ló ń sọ ìgbà fún wa, irú èyí tí àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ń lò.

Ní ti ọmọ yín, kó lọ ka jiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, tàbí ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì, kó sì mọ egungun dunjú, bẹ̀rẹ̀ láti orí ti adìyẹ. Kó mọ̀ pé iṣẹ́ sùúrù ni. Nílẹ̀ Niger, nínú aṣálẹ̀ Ténéré, ni wọ́n ti rí dáínásọ̀ tí wọ́n ń pè ní Nigersaurus, tí eyín rẹ̀ lé ní 500, tí egungun orí rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Paul Sereno àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ ní 1999. Ó di 2007 kí wọ́n tó gbé àlàyé kíkún lórí agbárí náà jáde. Ọmọ tó bá lè fara da ìyẹn, iṣẹ́ wà fún un. Nílé wa níbí náà, wọ́n ti rí egungun Goronyosaurus ní Sókótó, ẹ̀dá afàyàfà ńlá inú òkun ni, kì í ṣe dáínásọ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan ló sì ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ láti wá.

Nípa títà, mi ò kì í ṣe lọ́yà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ìmọ̀ràn òfin. Kí ẹ̀gbọ́n yín má tọwọ́ bọ ìwé kankan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ń rí sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé owó ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó, kí ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi ìwé ìròyìn wé e, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀ka jiọ́lọ́jì yunifásítì tó bá sún mọ́ yín. Lónìí, kí iyè àwọn agbẹ́kànga tó fò ó, ẹ bi wọ́n léèrè bí ibi tí wọ́n ti bá a ṣe jìn tó àti àwọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.