Sáìtì àtijọ́ ò wọ igi ìbọn mi

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo ra sáìtì Lyman 48 àtijọ́ (ohun tí wọ́n fi ń wo ojú ibi tí wọ́n fẹ́ yìnbọn sí) fún ìbọn ọdẹ mi, àmọ́ igi ìbọn ò jẹ́ kó jókòó, ṣé kí n kàn gé e ni?

Ìdáhùn: Ẹ ní sùúrù o! Ẹ kọ́kọ́ rí i pé kò sí ọta nínú ìbọn náà. Ẹ̀gbẹ́ irin ìbọn ni sáìtì yẹn ń wà, apá tó ń lọ sókè-sódò ẹ̀ sì máa ń wọnú igi, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ àyè fún un. Ẹ de sáìtì mọ́ irin, ẹ fi èéfín àbẹ́là kùn ún, kẹ́ẹ wá rọra dá irin padà sínú igi, ibi tó bá ti dúdú lára igi ni kẹ́ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì mímú fá, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni o. Tí ihò síkúrúù ò bá sí lára irin, ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn, èmi ò jẹ́ dán ìyẹn wò nílé láé.