Èsì: Fader gángan kò sọnù o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní lórí X32, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ohùn pọ̀ (mixer), ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Ọ̀fà, ẹ̀ ń gbọ́ gángan láti channel 20 (ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé), ẹ ò sì rí fader rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń fà sókè sódò láti fi mú ohùn pọ̀ tàbí dínkù. Ìpele kejì ló wà. X32 ní channel méjìlélọ́gbọ̀n, àmọ́ fader mẹ́rìndínlógún péré ló wà lápá òsì fún wọn. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n kọ 17-32 sí, kí àwọn fader yẹn lè di ti channel 17 sí 32. Àwọn fader á sáré fúnra wọn bọ́ sí ipò míì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé iwin ni!

Ẹ kọ orúkọ sójú screen kékeré tó wà lókè fader kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fún un láwọ̀: ìlù pupa, ohùn àwọ̀ ewé. Tí iná pupa channel kan bá ń ṣẹ́jú, gain rẹ̀ (agbára ohùn tó ń wọlé) ni kẹ́ ẹ dínkù, kì í ṣe fader.