Ìrẹsì mi jóná létí ọ̀sà, koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tutù yọ̀yọ̀: kí ló fà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mò ń gbé. Àwọn àna mi fún mi ní ilẹ̀ kan létí ọ̀sà lápá Ìkòròdú. Ìrẹsì tí mo gbìn síbẹ̀ lóṣù kẹfà ṣe dáadáa, ni mo bá tún gbin òmíràn lóṣù kọkànlá. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ṣóńṣó ewé rẹ̀ ti funfun, gbogbo rẹ̀ sì jóná, bẹ́ẹ̀ omi kò wọ́n níbẹ̀ rárá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé igi àti koríko etí omi ń tutù yọ̀yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n fi ajílẹ̀ kún un ni?

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àdánù. Ẹ má fi ajílẹ̀ kankan sí i o. Iyọ̀ ló pa ìrẹsì yín, ajílẹ̀ inú àpò náà, bó bá ti yọ́ sómi, irú iyọ̀ kan ló ń dà.

Ẹ wo ìyá tó ń fọ ewúro. Ó bu iyọ̀ lé e, ó ń gbo ó, kò pẹ́ tí ewé tó le tẹ́lẹ̀ fi rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ tí omi ara rẹ̀ sì ń dà jáde. Iyọ̀ ìta ló ń fa omi inú. Bí omi oníyọ̀ bá yí gbòǹgbò ká, bákan náà ni: ìrẹsì yín dúró nínú omi, òùngbẹ ló pa á. Èyí tó sì rí fà mu, iyọ̀ ló bá a wọlé, ó ń ṣẹ́ jọ sí ṣóńṣó ewé. Ìyẹn lẹ ṣe rí funfun yẹn.

Omi tó wà níbẹ̀ lóṣù kẹfà kọ́ ló wà níbẹ̀ lóṣù kejì. Òjò tiwa nílé níbí wà nínú ọ̀rọ̀ náà: Ọbà gbà á, ó gbé e fún Ọ̀ṣun (ìjà orogún wọn kò dá iyẹn dúró), Ọ̀ṣun sì gbé e dé ọ̀sà Lẹ́kí. Odò Ògùn ní tirẹ̀ gbéra láti apá Ṣakí, nítòsí Ìkòròdú yín gan-an ló ti ń wọ ọ̀sà Èkó. Nígbà òjò, omi dídùn yìí ń ti òkun sẹ́yìn. Bí òjò bá dá, odò á fà, òkun tó ń kún tó ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ á wá rí ọ̀nà wọlé. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35. Ẹ bu ṣíbí ìmutíì kan, kó má kún gegere, ẹ pò ó mọ́ omi lítà mẹ́ta, kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò. Ibi tí ìrẹsì ti ń bẹ̀rẹ̀ ìyà nìyẹn, pàápàá bó bá ṣì kéré tàbí tó ń yọ òdòdó.

Àwọn ará etí omi wá ńkọ́? Igi mangrove, ìyẹn igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ etí omi oníyọ̀, kan wà tí gbòǹgbò rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ akàn. Ẹnu gbòǹgbò ló ti ń sẹ́ iyọ̀, èyí tó pọ̀ jù kì í wọlé. Òmíràn ń gbà á wọlé, ó sì ń là á jáde lójú ewé. Mo ti fi ahọ́n kan ewé rẹ̀ rí lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àfi bíi pé mo lá ìka tí mo fi bu iyọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Àwọn ewéko kan tó ń rá nílẹ̀ ń fa omi púpọ̀ sínú ewé wọn tó ki, kí iyọ̀ inú rẹ̀ lè dẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé wọ́n fẹ́ràn iyọ̀. Ẹ fi omi kànga tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n á dàgbà dáadáa. Níbi omi dídùn, koríko mìíràn ló ń bò wọ́n mọ́lẹ̀, ni wọ́n fi sá wá síbi tí àwọn yẹn kò lè gbé. Nítorí náà, tútù tí wọ́n ń tutù kì í ṣe ẹ̀rí pé ilẹ̀ yẹn dára fún ìrẹsì. Kódà, àsìkò òjò, tí iyọ̀ bá ti dẹ̀, ni èso ọ̀pọ̀ wọn ń hù.

Ẹ ṣe bíi tiwọn. Àwọn àgbẹ̀ Gáńbíà àti Sàró tó ń gbin ìrẹsì nílẹ̀ mangrove kì í lọ́ ọ sóko kí òjò tó fọ iyọ̀ kúrò. Ẹ fi omi kànga tọ́ irúgbìn yín lókè láàárín oṣù karùn-ún, ẹ jẹ́ kó gbó díẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ lọ́ ọ. Irú ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní FARO 44 yá, bí oṣù mẹ́rin ló ń lò. Ẹ lè kórè kí àgbàrá odò Ògùn ti oṣù kẹwàá tó dé.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ máa wo gbéborùn, ewé orí omi tó gba apá Bàdágírì wọlé lọ́dún 1984. Òótọ́ ni pé iyọ̀ ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ó le ju ìrẹsì lọ. Nígbà tí gbéborùn bá fi ń pọ́n, ìrẹsì ti kọjá ìtọ́jú. Omi ṣíbí kan yẹn ni kẹ́ ẹ máa fi ṣe òṣùwọ̀n, tàbí kẹ́ ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ omi.

Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù: kí ẹnì kan má lọ bá yín gbẹ́ kòtò láti fa omi ilẹ̀ náà gbẹ. Bí ẹrẹ̀ ibẹ̀ bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, imí ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá kàn án, ó ń di ásíìdì, ilẹ̀ á kan gan-an fún ọ̀pọ̀ ọdún, iyọ̀ á wá dà bí eré. Bí ẹ bá ti gbẹ́ ẹ, ẹ dí i kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú.